Tírà Ẹ̀rọ Tó Wà Lọ́rùn Bàbá

Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́, pé Bàbá gbó, Bàbá tọ́, Bàbá fi ọmọ sáyé lọ. Ọjọ́ tí a ṣe fídáù rẹ̀ ni mo gbọ́ ọ jù, lẹ́nu àwọn tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń jẹ sààrà. Mo ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, a dúpẹ́." Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Wọn ò rántí pé ọmọ tó fẹ́ràn jù ló ti kọ́kọ́ sin. Wọn ò sì mọ̀ pé Bàbá ti sọ ìrètí nù tipẹ́ kó tó kú. Èmi mọ ọjọ́ tó sọ ọ́ nù, nítorí mo wà níbẹ̀.

Bàbá ló bí ìyá mi. Ahunṣọ ni, ní Ìsẹ́yìn níbí, nínú agbo ilé tí gbogbo ọkùnrin ti ń hun aṣọ òkè láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Ràjí lórúkọ rẹ̀, Àkànní ni oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Làmídì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Làmídì ni àkọ́bí rẹ̀. Èmi, Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń pè mí. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Òkèhò ń pè mí ní Àǹtí, ìyá mi ń pè mí ní Ràfátù, kò sì sẹ́ni tó ń pe Àbẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́, ìdí òfì ni kó ti lọ wò ó. Òwú ló ń bá sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ. Bí òwú bá já, kì í bú ẹni tó ran án, òwú gan-an ló máa ń bú. "Ìwọ yìí, kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé o ò rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bí wọ́n ṣe dúró ni?" Yóò ta á ní kókó, yóò fi itọ́ rọ́ kókó náà kó má hàn, yóò sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìtẹsẹ̀. Bí a bá wá bi í pé ṣé aṣọ ti parí, ìdáhùn kan náà ló ní. Oníbàárà lè ti ká aṣọ sábẹ́ apá kó máa lọ, Bàbá ò ní gbà pé ó parí. Yóò máa wò ó lẹ́yìn bí ẹni pé ó fẹ́ gbà á padà.

"Ó kù díẹ̀," ni yóò wí.

Ìyìn wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo yege ní kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́, mo sáré wá bá a nídìí òfì pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ dúró sórí ìró tí mo ró, ó ní, "Ta ló hun èyí? Kò fa òwú ẹ̀ le tó." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọjọ́ kejì ni ìyá mi sọ fún mi pé láti ìrun àsárì ni Bàbá ti ń yà láti ojúlé dé ojúlé, tó ń sọ fún wọn pé ọmọ-ọmọ òun ti di tíṣà. Títí tó fi kú, kò sọ ọ́ lójú mi. Nígbà tí mo padà lọ bá a, tí mo ní, "Bàbá, inú yín ò dùn ni?" ó kàn fi ọ̀kọ̀ òwú gbá mi lórí fẹ́ẹ́rẹ́.

"Ó kù díẹ̀, Àbẹ̀kẹ́."

Ìjà kan ṣoṣo ló wà láyé rẹ̀ tí mo mọ̀, òun àti Bọ̀dá Làmídì ni. Bọ̀dá ti mọ aṣọ hun láti kékeré. Bàbá ti gbẹ́ òfì tirẹ̀ sílẹ̀ dè é, ó sì ti fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àfi bí Bọ̀dá ṣe ní òun ń lọ sílé ìwé. Ó lọ, ó ń lọ síwájú sí i, ó dé ìlú òyìnbó, ó sì padà wá di olùkọ́ ìṣirò ní Ṣakí. Òfì tí wọ́n gbẹ́ dè é ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá, adìẹ ló ń sùn sórí ẹ̀. Bí Bọ̀dá bá wálé ọdún Iléyá, yóò dé ẹnu ọ̀nà àtíbàbà tí wọ́n ti ń hunṣọ, yóò dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Hùn."

Ó parí nìyẹn. Bọ̀dá yóò wọ pálọ̀ lọ, Bàbá yóò máa hunṣọ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí, mo mọ bí "hùn" yẹn ṣe tutù tó.

Ìgbà ọdún Iléyá kan ni nǹkan yí padà. Bọ̀dá gbé páálí ńlá kan wá nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun. Kò gbé e lọ sí pálọ̀. Ìdí òfì ló gbé e lọ. Ó lé àwọn adìẹ kúrò, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó fa wáyà iná láti inú yàrá. Bàbá ń hunṣọ lọ, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

"Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ní Má Wẹ̀yìn."

Ẹsẹ̀ Bàbá dúró. Má Wẹ̀yìn ni aṣọ tí Bàbá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, òun ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí ahunṣọ míì nílùú tó rí i hun. Kò sí ọ̀kan nílé wa pàápàá, nítorí kì í hun ún fún ara rẹ̀, bó bá ṣe ń bọ́ lórí òfì ni àwọn tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ń gbé e lọ.

"Ọwọ́ wo lo fẹ́ fi hun ún?"

"Ẹ̀rọ yìí ni n ó kọ ọ́ sí, Bàbá. Ẹ máa pè é bí ẹ ṣe ń ta á, n ó máa tẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé Bàbá máa lé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀. "Dúdú méjì. Funfun kan. Dúdú méjì. Pupa kan." Bọ̀dá ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan fún òwú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn lẹ́tà yẹn ti tò sórí gíláàsì ẹ̀rọ náà, ilà ń wọnú ilà, ẹni tó mọ aṣọ yóò rí i pé aṣọ ni. Bàbá sọ̀kalẹ̀ lórí òfì. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì náà, ó fi ìka kàn án, ó sì wo ojú ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́n.

"Làmídì," ó ní, "o ti ń hunṣọ."

Láti ìgbà náà, bí ilé ìwé bá ti parí ní ọjọ́ Jímọ̀, Bọ̀dá yóò wakọ̀ wá láti Ṣakí. Gbogbo aṣọ tí Bàbá mọ̀ ni wọ́n ń kó wọnú ẹ̀rọ. Wọn ò sọ̀rọ̀ kankan nípa ìjà àtijọ́. Dúdú méjì, funfun kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe parí ẹ̀.

Ìgbà tí Bọ̀dá ń padà lọ lọ́jọ́ kan ló yọ díísíkì kan nínú báàgì rẹ̀, pẹlẹbẹ dúdú, onígun mẹ́rin, tó rọ̀ bíi páálí bàtà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá.

"Bàbá, èyí ni wọ́n fi gbé gbogbo ètò ẹ̀rọ yìí wọ inú ẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kan tó kọ̀ tí kò jí, òun la ó fi jí i. Mi ò ní òmíràn. Àpótí yín ló dáa jù. Ẹ má jẹ́ kí eruku dé ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án."

"Kí ni wọ́n kọ sí i?"

"Ọ̀rọ̀ ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń jí."

"Ojú ò rí i?"

"Ojú ò lè rí i."

Bàbá mirí. Ó yé e, tàbí kí n sọ pé ó yé e bó ṣe máa yé ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Ọ̀rọ̀ tó lágbára, tí ojú kì í kà, tí eruku ò gbọ́dọ̀ dé, ọ̀nà kan ṣoṣo la mọ̀ tí wọ́n ń gbà tọ́jú irú ẹ̀. Inú awọ ni wọ́n ń rán an sí. Bí wọ́n ṣe rán tírà tí wọ́n so mọ́ mi nídìí nígbà tí mo wà ní ìkókó nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe rán ti Bọ̀dá Làmídì fúnra rẹ̀ nìyẹn. Àpótí ṣeé ṣí. Ẹni tí wọ́n gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, tó wá sọ ọ́ sínú àpótí bí aṣọ àlòkù, kò mọ iyì rẹ̀.

Bí Bọ̀dá ṣe lọ, Bàbá dé fìlà, ó lọ bá oníṣẹ́ awọ tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Ọkùnrin náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ó ṣẹ́ díísíkì náà po sí méjì, nítorí ó fẹ̀ jù fún ọrùn. Ó rẹ awọ ewúrẹ́ sómi kó lè rọ̀, ó fi wé e, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi òòlu lu etí rẹ̀ yíká, ó rán an, ó wá fi òòlù igi lù ú kó lè tẹ́. Bàbá so ó mọ́ ọrùn, ó wọ bùbá lé e. Ìyá mi nìkan ló sọ fún.

"Ibo leruku fẹ́ gbà?" ni Bàbá wí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín níbi tí mo dé yìí. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá ò mọ̀ títí tó fi kú. Ọ̀nà Ṣakí ló ti kú, nígbà òjò, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé nígbà tó ń bọ̀ wálé ní ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n gbé e dé kí àsárì tó kọjá, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá ò sunkún lójú wa. Ó ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó di nǹkan kan mú lábẹ́ bùbá rẹ̀, mo rò pé àyà ló ń dùn ún.

Kò pẹ́ sí i ni apá ọ̀tún rẹ̀ rọ. Apá ahunṣọ ni mò ń wí yìí. Ó ń fi ọwọ́ òsì gbé e sórí itan bí ẹrù. Bí apá ṣe ń lọ ni iyè ń lọ. Yóò jókòó sídìí òfì, yóò bẹ̀rẹ̀, "Dúdú méjì. Funfun kan. Dúdú…" yóò wá dúró. Yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ibi kan náà ni yóò tún dúró sí. Má Wẹ̀yìn ti kúrò lórí rẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó bà mí nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, kí ènìyàn máa wá ohun tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má rí i.

Mo wálé fún ọlidé nígbà ọyẹ́, ó pè mí.

"Àbẹ̀kẹ́, lọ tan ẹ̀rọ Làmídì. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo nu eruku ara rẹ̀, mo tan án bí mo ṣe ń rí Bọ̀dá tó ń tan án. Ó kùn, ó dákẹ́, ó wá kọ gbólóhùn kan lédè òyìnbó sójú gíláàsì, pé òun ò rí ohun tí òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn. Gbólóhùn kan náà ni. Mo sọ fún Bàbá pé ó kọ̀, kò jí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti sin Bọ̀dá, n ò tíì rí eyín rẹ̀. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀.

"Ó sọ fún mi pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní. "Lọ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe."

Mo rí ẹni náà, Tájù lórúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìbàdàn kan tó máa ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe fún ilé ìwé Bọ̀dá. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá, ibi tó ń gbà jí ló bàjẹ́. Kò le. Bí ẹ bá ní díísíkì tó bá a wá, n ó tún ibẹ̀ ṣe, mi ò sì ní fọwọ́ kan ìyókù."

Bàbá ti ń retí ìbéèrè yẹn láti àárọ̀. Ó fi ọwọ́ òsì fa okùn ọrùn rẹ̀ jáde, ó nà án sí Tájù. Tájù wo tírà, ó wo èmi, ó tún wo tírà.

"Bàbá, díísíkì ni mo ní."

"Òun náà ni. Mo tọ́jú ẹ̀. Tú u."

Mo mú abẹ wá, èmi ni mo tú u. Díísíkì náà ti lẹ̀ mọ́ awọ. Ó ti kán láàárín, òòlu ti lu etí rẹ̀ já yíká, gọ́ọ̀mù ti gbẹ sójú rẹ̀. Tájù gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Bàbá ń wo ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń wo ojú dókítà.

"Ṣé èmi ni mo pa á?"

"Rárá o, Bàbá. A ó wá òmíràn."

Wíwá ọ̀hún pẹ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, díísíkì ti ọ̀kan ò sì bá òmíràn mu. Ọyẹ́ fi gbogbo eruku Òkè-Ògùn da inú àtíbàbà náà. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó ń kásẹ̀ nílẹ̀. Bàbá ń béèrè lójoojúmọ́ pé ṣé ọmọ Ìbàdàn yẹn ti dé. Tájù padà dé, ó ti yá irú díísíkì náà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ó ki í bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó tì í pa, ó tan iná. Ẹ̀rọ náà ń kùn, ó ń ka ohun tó wà lára díísíkì náà. Ọ̀rọ̀ jáde. Tájù tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ bi í léèrè, ó dá a lóhùn. Tájù ní òun ń da ohun tí ẹ̀rọ fi ń jí padà sí ààyè rẹ̀. Ó yọ díísíkì kúrò, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn láìfi nǹkan sí i lẹ́nu. Gbogbo wa dúró. Ẹ̀rọ náà jí fúnra rẹ̀. Ìyá mi kígbe pé, "Alihamudulilahi!" Èmi náà ń fò.

"Pe Má Wẹ̀yìn," ni Bàbá wí.

Tájù ní kí Bàbá jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn aṣọ náà tò kalẹ̀ bí Bọ̀dá ṣe kọ wọ́n, mo sì ń kà wọ́n fún un. Òjò Àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìyàwó Ń Bọ̀. Ọ̀nà Ìlérò. Bí mo bá ti pe ọ̀kan, Bàbá á dáhùn pé, "Hùn." Kì í ṣe hùn àtijọ́ o. Bí ẹni tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ ni. Tájù wá ṣí Má Wẹ̀yìn.

Kò sí aṣọ níbẹ̀. Àmì wúruwùru ló kún ojú gíláàsì, kì í ṣe lẹ́tà, kì í ṣe nọ́ńbà. Ó ṣí Òjò Àfẹ̀mọ́júmọ́, bákan náà ni. Ó ṣí gbogbo wọn. Orúkọ wọn nìkan ló kù.

Tájù rọra ṣàlàyé. "Bàbá, ohun tí ẹ̀rọ fi ń jí nìkan ló wà lára díísíkì yìí. Ohun tí Bọ̀dá kọ, òun nìkan ló kọ ọ́, kò sí lára díísíkì kankan. Bí tiyín bá tilẹ̀ wà láìbàjẹ́, kò ní lè mú un padà wá."

"O ń tù mí nínú ni," ni Bàbá wí. "Bí mo bá gbé e sínú àpótí bó ṣe ní kí n ṣe, à bá ti tún un ṣe nígbà ọyẹ́, kí gbogbo eruku yìí tó wọ̀ ọ́."

Mo sin Tájù dé ìta, mo bi í pé ṣé òótọ́ ló sọ fún Bàbá. Ó wolẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní ó lè jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ eruku inú oṣù wọ̀nyẹn. N kò sọ fún Bàbá, kì bá sì wúlò, nítorí ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó sì ti parí ẹjọ́. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá mi ń sọ pé ó kúkú jí, ká máa lò ó fún nǹkan míì. Bàbá ní kí wọ́n pa á. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tan án mọ́. Bóyá ẹnì kan ṣì ń fi Má Wẹ̀yìn wé gèlè níbì kan. Bí ó bá wà, a ò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi mọ Bàbá rèé, bí ẹ bá gbàgbé ìyókù. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣa awọ tí mo ti ya, ó ṣa díísíkì tó ti kán, ó kó wọn fún mi, ó ní kí n gbé e padà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ kó tún un rán. Mo ní, "Bàbá, kò wúlò mọ́. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Làmídì ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀," ó ní. "Kò tíì wá gbà á."

Mo lọ rán an. Ó so ó mọ́ ọrùn, kò bọ́ ọ mọ́, bó ń wẹ̀, bó ń sùn. Kò tún jókòó sídìí òfì mọ́, adìẹ sì padà sórí ti Bọ̀dá. Bí mo bá wálé, tí mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tó jẹ òkèlè méjì tó dáwọ́ dúró, mo máa ń bi í pé ṣé ó kù díẹ̀ ni, kí n lè mú un rẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín.

"Ó ti tán," ni yóò wí.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn ọkùnrin gbé e lọ wẹ̀ lẹ́yìn ilé, a dúró sí ẹnu ọ̀nà. Àlùfáà tó ń wẹ̀ ẹ́ jáde wá, ó ti gé okùn tírà náà, omi ń kán lára rẹ̀. Ó nà án sí mi, nítorí wọn kì í sin nǹkan mọ́ òkú.

"Ó ti wà lára rẹ̀ pẹ́," ó ní. "Tírà kí ni?"

"Tírà tí wọ́n fi ń jí nǹkan ni, Àlùfáà."

Ó wò ó, ó yí i padà, ó ń yẹ ojú rírán rẹ̀ wò.

"Ó jẹ́ fún un?"

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n gbé tẹ́ Bàbá sí tí wọ́n ń fi aṣọ funfun wé e.

"Kò jẹ́," ni mo wí, mo sì so ó mọ́ ọrùn mi.